ÌWÉ ÀṢẸ ÀTI Ẹ̀RÍ-ỌKÀN

Ìbéèrè kan wà tí ó ti pẹ́ nínú ayé, tí kò sì tíì gbó: bí ìjọba bá fi ọwọ́ sí ìwé fún ènìyàn pé kí ó máa ṣe òwò kan, ǹjẹ́ òwò náà ti di rere nítorí ìwé náà? Ọ̀pọ̀ ni yóò yára dáhùn pé, "Bí kò bá dára, ìjọba kì yóò fi àyè gbà á." Àwọn mìíràn yóò wí pé, "Òfin ní tirẹ̀, ìwà ní tirẹ̀; èkíní kò kan èkejì." Lójú tiwa, ìdáhùn méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó. Àwa sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkà wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí àwọn ọmọ ń bi ní irú ìbéèrè yìí, bá wa gbé e yẹ̀wò pẹ̀lú sùúrù.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò kì í ṣe èyí tí a máa ń sábà mẹ́nu kàn ní ojú ewé yìí. Ó jẹ́ ti àwọn ilé ijó ìhòhò tí ó wà ní ìlú àwọn òyìnbó, níbi tí obìnrin ti ń bọ́ aṣọ lára díẹ̀díẹ̀ níwájú àwùjọ, tí àwọn ọkùnrin sì ń san owó láti wò ó. A kò mú un wá láti fi dá ẹnikẹ́ni lára yá, bẹ́ẹ̀ ni a kò mú un wá láti fi orílẹ̀-èdè kan ṣe ẹlẹ́yà. A mú un wá nítorí pé díẹ̀ ni òwò tí a fi ìwé àṣẹ yí ká bí òwò yìí. Ẹni tí ó bá sì wo ìtàn rẹ̀ dáadáa yóò rí ohun tí ìwé àṣẹ lè ṣe fún ènìyàn, yóò sì rí ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí òwò náà ti rí. Ó ti kọjá ti ilé kan ṣoṣo ní kọ̀rọ̀ ìlú. Àwọn kan nínú wọn ti di ẹgbẹ́ oníṣòwò ńlá tí ó ní ẹ̀ka káàkiri. Ilé tí a ń pè ní Rick's Cabaret bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1983. Nígbà tí ó di ọdún 1995, ó ti wọ ọjà ìpín-okòwò tí a ń pè ní Nasdaq, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó lówó lọ́wọ́ lè ti ra ìpín nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ra ìpín nínú ilé ìfowópamọ́. Ní ọdún 2014 ẹgbẹ́ náà yí orúkọ rẹ̀ padà sí RCI Hospitality Holdings, orúkọ tí ó ń sọ nípa ìtọ́jú àlejò. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ kì yóò fura ohunkóhun.

Kí irú ilé bẹ́ẹ̀ tó lè ṣí ìlẹ̀kùn, àṣẹ tí olówó rẹ̀ ní láti gbà kì í ṣe ẹyọ kan. Àṣẹ wà lórí ọtí. Àṣẹ wà lórí eré àti ijó. Òfin sì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú nípa ibi tí a lè kọ́ ilé náà sí, kí ó má bàa súnmọ́ ilé ìwé tàbí ilé ìsìn jù. A máa ń tún àwọn ìwé àṣẹ wọ̀nyí ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, lọ́dọọdún ni. Nítorí náà, bí owó tilẹ̀ ń wọlé bí omi, ọkàn olówó ilé náà kì í balẹ̀ tán. Gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ so mọ́ bébà kan tí ẹlòmíràn ń fi ọwọ́ sí.

Pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná, ìtàn àwọn ọmọ Minsky ní ìlú New York fi hàn. Arákùnrin mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n sì lókìkí nínú eré tí a ń pè ní burlesque, tí í ṣe àdàpọ̀ àwàdà, orin, àti àwọn obìnrin tí ń bọ́ aṣọ. Ní ọdún 1931 ni Billy, ọ̀kan nínú wọn, gba ilé eré Republic ní Òpópó Kejìlélógójì, láàárín àwọn ilé eré tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ìlú náà. Ìgbà ọ̀dá owó ni. Àwọn ilé eré ńlá ń ti ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n tiwọn ń kún, nítorí pé owó ìwọlé wọn kò wọ́n, ohun tí wọ́n sì ń fi hàn kò nílò ẹ̀kọ́ kí ó tó yé ènìyàn. Billy kú ní ọdún 1932. Àwọn arákùnrin rẹ̀ kò jáwọ́ nínú òwò náà.

Ní ọdún 1934 Fiorello La Guardia di olórí ìlú New York. Paul Moss ni ó fi ṣe alákòóso ìwé àṣẹ. Lóṣù May lọ́dọọdún ni àṣẹ àwọn ilé burlesque máa ń parí. Ní ọdún 1937, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti dá ilé eré Gotham tí ó jẹ́ ti Abe Minsky lẹ́bi, tí a sì ti gba àṣẹ rẹ̀, Moss kọ̀ láti tún àṣẹ ṣe fún gbogbo ilé burlesque ìlú náà, mẹ́rìnlá ni iye wọn. A kò gbé ìbọn, a kò wó ògiri. A kàn kọ̀ láti fi ọwọ́ sí ìwé ni. Nígbà tí ó ṣe, a gba àwọn kan láyè láti tún ṣí, bí wọn kò bá ní bọ́ aṣọ mọ́, bí ọ̀rọ̀ náà "burlesque" àti orúkọ Minsky kò bá sì ní hàn lára pátákó wọn. Àwọn onílé yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ohun àtijọ́ tún ń yọjú lábẹ́ orúkọ tuntun. Ní ọdún 1942, Moss tún kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé, òpin sì dé bá eré náà ní ìlú New York.

Ohun méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní ni pé yíyí orúkọ padà kì í yí ìwà padà. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn onílé náà rò pé pátákó ni ìjọba ń bá jà, wọ́n sì pa pátákó náà rẹ́. Nígbà tí ohun inú ilé kò yí padà, ọdún márùn-ún péré ni orúkọ tuntun fi gbà wọ́n.

Èkejì ṣòro jù láti sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ní ọjọ́ tí a ti ìlẹ̀kùn wọ̀nyẹn, kì í ṣe àwọn ọmọ Minsky nìkan ni ó pàdánù. Àwọn afọnfèrè, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń to pẹpẹ eré, àwọn aláwàdà, àwọn obìnrin tí ń gba ìwé ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà, àti àwọn oníjó fúnra wọn, gbogbo wọn ni ó padà sílé láìríṣẹ́, nígbà tí iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n ju owó lọ. Ẹni tí ó ti kó èrè jọ lè lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tí owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò ju oúnjẹ ọ̀sẹ̀ lọ, níbo ni yóò lọ? A kò sọ èyí láti dá Moss lẹ́bi. A sọ ọ́ kí ó lè yé wa pé bí iṣẹ́ burúkú bá pẹ́ ní ìlú, ọ̀pọ̀ aláìní ni yóò ti so ìgbésí ayé wọn mọ́ ọn kí àwọn aláṣẹ tó jí. Ìpẹ́jí yìí pàápàá jẹ́ apá kan ẹ̀bi àwọn aláṣẹ.

Ilé Republic náà ṣì wà níbẹ̀. Láti ọdún 1995 ni ó ti di ilé eré New Victory, tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé àti ìdílé wọn. Igi àti òkúta kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ènìyàn fi wọ́n ṣe ni ó ń fún wọn ní orúkọ.

Ní ọdún 1937, ohun tí ojú rí lórí pẹpẹ ni ìjọba ń bá jà. Ṣùgbọ́n bí a bá wo wàhálà tí ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ ńlá yìí ní àkókò tiwa, a ó rí i pé ẹ̀ka ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ sí i. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í dá rìn. Èyí tí òfin gbà láyè a máa mú èyí tí òfin kò gbà lọ́wọ́ wọlé. Ní ọdún 2008 ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ọtí ní ìpínlẹ̀ New York gba àṣẹ ọtí lọ́wọ́ ẹ̀ka kan ti ilé olókìkí tí a ń pè ní Scores, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá ti mú àwọn ènìyàn níbẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi ara ṣòwò. Bí àṣẹ ọtí bá lọ, èrè lọ. Nítorí pé ọtí ni ó ń mú owó jáde lápò àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ju ijó lọ.

Ẹjọ́ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń gba ènìyàn síṣẹ́ mọ̀. Àwọn obìnrin oníjó ní ẹ̀ka Rick's Cabaret ti New York pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́. Kí ni ẹ̀sùn wọn? Pé a kò san owó iṣẹ́ fún wọn. Bí ilé náà ti rí ni pé oníjó ni ó ń sanwó fún ilé kí ó tó lè jó. Bí ó bá pẹ́ dé, a ó bu owó ìtanràn lé e. Owó tí àwọn oníbàárà bá sì fi ta á lọ́rẹ nìkan ni ó ń gbé lọ sílé. Ẹgbẹ́ náà wí pé wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, pé ẹni tí ó dá dúró tí ó ń ṣe òwò ara rẹ̀ ni oníjó kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2013 adájọ́ wo bí ilé náà ti ń pàṣẹ aṣọ tí wọn yóò wọ̀, àkókò tí wọn yóò dé, àti ìwà tí wọn yóò máa hù, ó sì dájọ́ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ní ọdún 2015 ẹgbẹ́ náà gbà láti san 15,000,000 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé tí ó ní gbogbo ìwé àṣẹ rẹ̀ ni a ń sọ. Àwọn tí ń wo ìwé àṣẹ a máa béèrè iye ẹsẹ̀ bàtà tí ó wà láàárín ilé náà àti ilé ìwé; a máa béèrè wákàtí tí a ó ti ìlẹ̀kùn; ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀ kò sí ìwé kan tí ó béèrè bóyá obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Èyí ni ibi tí agbára ìwé àṣẹ mọ. Ohun tí a bi í ni yóò dáhùn. Àwọn ìbéèrè tí ó wúwo jù lọ lè wà níwájú ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sì bèèrè wọn.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Texas gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2007 wọ́n ṣe òfin pé ilé ijó ìhòhò tí ó bá ń gba ọtí láyè yóò san dọ́là 5 lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé, kí a lè lo nínú owó náà fún ìrànlọ́wọ́ àwọn tí a fi ipá bá lò. Àwọn onílé jà á dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà. Ní ọdún 2011 ilé ẹjọ́ sọ pé òfin náà dúró. Àwọn kan yìn ín, nítorí pé ó mú kí òwò náà gbé díẹ̀ nínú ẹrù tí wọ́n gbà pé ó ń dì lé ìlú lórí. Àwa kò kọ ìrànlọ́wọ́ náà fún àwọn tí ó nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu kan ń bẹ níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fojú fò dá: nígbà tí ìjọba bá ti ń rí owó gbà nídìí ohun kan, ojú rẹ̀ sí ohun náà lè rọ̀. Ẹni tí ó ń jẹ nínú ìkòkò kò ní yára sọ pé ọbẹ̀ náà kan.

Ewu náà lè wọ inú ilé ìjọba gan-an. Ní oṣù September ọdún 2025, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York fi ẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ RCI àti àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀, pé wọ́n fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ dí ojú olùyẹ̀wò owó-orí kan, kí wọn má bàa san owó-orí tí ó lé ní 8,000,000 dọ́là. Ẹgbẹ́ náà sẹ́. Ẹ̀sùn kì í ṣe ìdájọ́, àwa kì yóò sì ṣe adájọ́ ṣáájú adájọ́. Kí a kàn kíyèsi ohun tí wọ́n sọ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ náà jẹ́: ìrìn-àjò ọ̀fẹ́, àti ijó ọ̀fẹ́ nínú àwọn ilé náà. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ara àwọn obìnrin náà ni a fi ṣe owó ẹ̀yìn, láìsí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè.

Ó ku ọ̀ràn kan tí ó yẹ kí ó rẹ ẹ̀mí àwa tí ń yára dájọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2022 ìgbìmọ̀ ìlú Edinburgh ní Scotland pinnu pé iye ilé ijó ìhòhò tí òun yóò fún ní àṣẹ ní ìlú náà ni òdo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rere dunnú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn olówó ilé nìkan ni ó lòdì sí i. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ni a ó gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, pé bí a bá sì ti àwọn ilé tí ojú òfin tó, ibi tí kò sí ẹ̀ṣọ́, tí kò sí ìmọ́lẹ̀, ni àwọn mìíràn yóò ti lọ máa jó. Ní oṣù February ọdún 2023 ilé ẹjọ́ gíga Scotland sọ pé ìpinnu náà kò bá òfin mu, nítorí pé òye òfin tí a fi tọ́ ìgbìmọ̀ náà sọ́nà kò tọ̀nà.

Kí ni a ó wí sí èyí? Òwe wa sọ pé bí a bá ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, a ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀. Ẹlòmíràn yóò yára pa òwe náà mọ́ àwọn obìnrin Edinburgh, yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe òròmọdìẹ. Àgbàlagbà tí ó sọ pé, "Ibí ni mo ti ń rí owó ilé san, tí mo sì fi ń tọ́ ọmọ," kò gbọdọ̀ gba òwe nìkan ní ìdáhùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìwà rere, ó yẹ kí ó mú iṣẹ́ mìíràn dání. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ ìlú ni ó ń dáàbò bò, kì í ṣe obìnrin náà.

Síbẹ̀ a kò lè ti ibẹ̀ wá sọ pé òwò náà dára. A gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé àgbà ni ó yàn án fúnra rẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má dá sí i. Yíyàn tí ebi jókòó tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe yíyàn òmìnira pátápátá. A kò ṣiyèméjì pé sísọ ara ènìyàn di ọjà ìran fún owó ń dín iyì ẹni tí ń jó kù, ó sì ń dín ti ẹni tí ń wò kù pẹ̀lú. Bóyá ti ẹni tí ń wò ni ó pọ̀ jù, nítorí pé ebi kọ́ ni ó lé e wá síbẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú irú ilé yìí, orúkọ obìnrin ni ó ń jáde, ojú obìnrin ni a ń fi hàn. Ọkùnrin tí ó san owó a gba ẹ̀yìn lọ sílé ọ̀dọ̀ ìyàwó àti ọmọ. Ẹni tí ó ra ìpín nínú ẹgbẹ́ náà ń gba èrè tirẹ̀ nínú àpòòwé, kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni kan tí ó jó fún un.

Nítorí náà, èrò tiwa nìyí. Ọgbà ni ìwé àṣẹ. Ó lè sọ ibi tí ohun kan kò gbọdọ̀ kọjá, ìlú tí kò bá sì ní ọgbà kò gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọgbà kì í sọ ohun tí a gbìn sínú rẹ̀ di oúnjẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bí òwò kan bá tọ́, kí ó fi ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó ń kó èrè lọ? Ta ni ó ń san gbèsè ní ọjọ́ tí ohun gbogbo bá dàrú? Ẹni tí ó ń kó èrè náà, ǹjẹ́ ó lè fi ọmọ tirẹ̀ sí ipò ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà, kí ó sì fi ìdùnnú sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀?

Bí a bá mú ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí kúrò lọ́dọ̀ àwọn ilé ijó òkèèrè, a ó rí i pé wọn kò ní í sinmi. Wọn yóò wọ inú ilé ìwé tí ó ní ìwé àṣẹ lára ògiri, tí olùkọ́ rẹ̀ kò sì tíì gba owó oṣù mẹ́ta. Wọn yóò wọ ilé oníṣọ̀nà tí ọmọ iṣẹ́ ti ń sanwó kí ó tó kọ́ṣẹ́, tí a sì tún ń fi ṣe ẹrú ilé. Wọn yóò wọ ilé wa gan-an, níbi tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń jí kí àkùkọ tó kọ, tí ó sì ń sùn lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Òfin lè má rí wa wí nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Àwọn tí ó ń jìyà rẹ̀ mọ̀ wá, ẹ̀rí-ọkàn wa sì mọ̀ pẹ̀lú wọn. Kí olúkúlùkù wa wo ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé rẹ̀ lónìí, kí ó sì san ohun tí ó jẹ ẹ́ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú.